Ta Ni Yóò Bá Olùwáṣẹ́ Lọ? Ìdílé, Iṣẹ́ àti Ìṣípòpadà nínú Ìtàn Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìfáàrà

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́, a ó rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìṣípòpadà, àwọn ọmọ ọba ni ìtàn náà máa ń bá rìn. Ọmọ ọba kan bínú nítorí oyè, ó gbé adé, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì lọ tẹ ìlú dó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń gbọ́ nípa àwọn Ìkálẹ̀ ṣe rí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so púpọ̀ nínú àwọn ọba ilẹ̀ náà mọ́ ààfin Ìbíní, orúkọ Abodi ti Ìkọ̀yà a sì máa jẹyọ níwájú. A kò sọ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni pé kò sọ ohunkóhun fún wa nípa irú ìṣípòpadà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, èyí tí àwọn tí kò ní adé lórí ṣe, tí ó jẹ́ pé igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, agbọ̀n, ìkòkò àti ọmọ ẹ̀yìn ni gbogbo ẹrù wọn.

Iṣẹ́ yìí gbájú mọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo. Nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀, tí ẹnì kan nínú ìdílé sì pinnu láti wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn, ta ni yóò bá a lọ? Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fi ìyàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ní ‘Lágbájá ti lọ’, ó lè jẹ́ pé ó rè àjò, tí yóò sì padà ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ‘Lágbájá ti kó lọ’, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti wà ní títì, ẹní àti ìkòkò sì ti kúrò nílé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré, ‘kó’, ni ó ya arìnrìn-àjò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣí ilé rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé nínú ìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kì í ṣe bí owó ibi tuntun ṣe pọ̀ tó ni ó sọ bóyá ìṣípò yóò gbe ìdílé. Ohun tí ó sọ ọ́ ni bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn yòókù nínú ilé, àti bóyá ẹni tó ni ilẹ̀ gbà kí wọ́n jọ máa gbé pọ̀.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Igi Ọ̀pẹ

Igbodigo jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun àti Ayeka ni a kó pọ̀ sí wọ́ọ̀dù ìdìbò kan náà. Àwọn Ìlàjẹ wà ní ìhà òkun, Oǹdó wà ní ìhà àríwá, Ìjẹ̀bú wà ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn Ìjọ àti Ìbíní sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ òjò ni, igbó ibẹ̀ kì í sì í ṣá bọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni olórí iṣẹ́ wọn. Kò sì sí bí a ṣe lè dárúkọ Ìkálẹ̀ kí a má dárúkọ púpurú, oúnjẹ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà ń fi gbágùúdá ṣe: wọn a rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a mọ ọ́n roboto, wọn a sì tò ó sórí iná títí èéfín yóò fi gbẹ ẹ́. Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ púpurú yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà bá a níwájú.

Ọ̀pẹ pọ̀ nínú igbó náà. Lálẹ̀hù ni púpọ̀ nínú wọn, kò sí ẹni tó gbìn wọ́n. Àwọn onílẹ̀ a máa kọ ẹyìn, wọn a sì máa ṣe epo, ṣùgbọ́n iye ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju iye ọwọ́ tí wọ́n ní lọ, pàápàá nígbà tí oko ẹ̀gẹ́, oko iṣu àti iṣẹ́ ọdẹ ti gba ọwọ́ wọn. Ìgbà kan wà tí àwọn òyìnbó rò pé ohun mìíràn ni ọrọ̀ agbègbè yìí. Láàárín 1908 sí 1914, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ kànga káàkiri ìhà Òkìtìpupa, wọ́n ń wá epo rọ̀bì àti ọ̀dà. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní dé, wọ́n kẹ́rù wọn, wọ́n lọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ tí ọ̀dà náà yóò pèsè. Epo pupa ni kò dúró de ìròyìn ní tirẹ̀.

Àwọn Urhobo: Ìdílé tí ó Ṣí pẹ̀lú Iṣẹ́ Rẹ̀

Àwọn tí ó rí iṣẹ́ nínú ọ̀pẹ wọ̀nyí ni àwọn Urhobo, tí ilẹ̀ baba wọn wà ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn, ‘Sobo’ ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ tí àwọn fúnra wọn kò fẹ́. Ọdún 1938 ni ìjọba tó gbà láti máa kọ ‘Urhobo’. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí, nítorí pé orúkọ àtijọ́ náà ṣì ń bọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nígbà mìíràn, láìmọ̀ pé ó ń dun ẹni tí a pè é.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń wọ igbó Ìkálẹ̀. Onigu Otite, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí òun náà jẹ́ ọmọ Urhobo, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà tí ń jẹ́ Africa ní 1979, lórí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé àwọn àtìpó inú oko wọ̀nyí jẹ́ agúnni-ní-kẹ́ṣẹ́ fún ìdàgbàsókè ìgbèríko. Ojú tí ó fi wò ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ojú tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé àti ọ̀pọ̀ onílẹ̀ fi ń wo àtìpó ni ojú ẹni tí ó wá jẹ nínú ohun tí kò gbìn.

Kí ni ó lé wọn kúrò nílé? Ilẹ̀ kò tó mọ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé wọn bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba amúnisìn gbé owó-orí dé. Ní 1927, nígbà tí wọ́n ń ka orí àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún owó-orí náà, rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ẹkùn Warri. Ìjọba fi agbára pa iná náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó. Kò pẹ́ sí i tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé ní 1929, tí iye tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń ra epo àti èkùrọ́ sì já wálẹ̀. Bí owó epo bá já, owó-orí kì í bá a já. Ẹni tí ó ń ta agbè epo kan san owó-orí tẹ́lẹ̀ ní láti wá agbè mìíràn kún un, agbè mìíràn náà kò sì sí nínú ọ̀pẹ tó wà ní àyíká ilé rẹ̀. Èyí ni ó mú kí igbó tí ọ̀pẹ rẹ̀ pọ̀, tí àwọn tí ń gùn ún kò sì tó nǹkan, máa fa ojú àwọn ènìyàn mọ́ra láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ epo fúnra rẹ̀ dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Ọkùnrin ni ó ń gun ọ̀pẹ. Yóò fi igbà gba ara rẹ̀ mọ́ igi, yóò gòkè, yóò gé ìdì ẹyìn, ìdì náà yóò sì já lulẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣa ẹyìn tó fọ́n ká sínú koríko, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rù ú dé abà, wọn yóò yọ ọ́ kúrò lára ìdì, wọn yóò pọn omi, wọn yóò wá igi ìdáná, wọn yóò se é. Lẹ́yìn tí ó bá jinná, wọn yóò dà á sínú ọpọ́n gbọọrọ tí wọ́n gbẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, wọn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi jáde, wọn yóò bu omi sí i, wọn yóò ré epo náà, wọn yóò sì tún un sè. Ihá yóò di ohun ìdáná. Èkùrọ́ yóò gbẹ nínú oòrùn, a ó sì máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òkúta. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó gun ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ lè ti fi iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí oòrùn tó kanrí.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé apọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ náà kó ní láárí. Bí ó bá dá lọ, ẹyìn yóò rà sílẹ̀ níbi tí ó já sí. Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó mú kí àwọn Urhobo kó aya àti ọmọ wọn dání wá sí igbó Ìkálẹ̀: iṣẹ́ náà ni ó béèrè wọn. Iṣẹ́ yìí sì ní èrè ti obìnrin nínú. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a ti ń ṣe epo, epo ni ti ọkọ, èkùrọ́ ni ti aya. Owó èkùrọ́ ni obìnrin fi ń ra iyọ̀, aṣọ àti oògùn, tí ó sì fi ń dá ẹ̀sún pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ abà, ó ń ta gàrí lọ́jà. Bí iye epo bá já, gàrí ṣì wà. Ìdílé náà ní ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó fi dúró, bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò ní ṣubú.

Ẹni tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni onílẹ̀. Àwọn Ìkálẹ̀ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ abà. Onílẹ̀ kò ní kí baálé fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọlé. Bí ọwọ́ bá ṣe pọ̀ tó ní abà ni epo ṣe ń pọ̀, bí epo bá sì ṣe ń pọ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń dájú. Àǹfààní onílẹ̀ àti àǹfààní ìdílé àtìpó jọ ń rìn ní ojú ọ̀nà kan náà. Àmọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ayálẹ̀gbé kì í gbin igi tó ń pẹ́, irú bíi kòkó tàbí rọ́bà, láìgba àṣẹ, nítorí pé ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀. Àwọn Urhobo lè kọ ohun tí ó hù, wọn kò lè gbin ohun tí yóò dúró. Kò sì yẹ kí a kun ìtàn yìí lóge. Àárín onílẹ̀ àti àtìpó a máa gbóná nígbà mìíràn lórí iye ìṣákọ́lẹ̀ àti lórí ààlà. Àwọn ọmọ abà ni ó sì san owó tó wọ́n jù, nítorí pé ọwọ́ wọn wà lára ọwọ́ tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ọmọ tó ń ṣa ẹyìn ní òwúrọ̀ kì í sí ní kíláàsì.

Ilé tí Wọ́n Kọ́ sí Ẹ̀yìn

Àwọn Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn Urhobo mú ọ̀rọ̀ yìí lò ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a pa á lówe lọ. Ní 1931 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Warri, èyí tí a wá mọ̀ sí Urhobo Progress Union. Obaro Ikime, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn, ti kọ̀wé lórí Mukoro Mowoe, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, tó kú ní 1948. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka níbi tí àwọn ọmọ Urhobo bá ti pọ̀ lẹ́yìn odi, owó tí wọ́n sì dá jọ wà lára ohun tí wọ́n fi dá Urhobo College sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ẹni tí ń gbé inú abà alámọ̀ nínú igbó ẹlẹ́ni ń dá owó láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga sí ilẹ̀ baba rẹ̀, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣa ẹyìn. Àwọn kan lè pe èyí ní àìgbọ́n. Lójú tiwa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè gbin igi sí ibi tó wà yóò wá ibòmíràn gbin ín. Ilẹ̀ tí ó gba ohun tó ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn ni ilẹ̀ tí wọ́n ti wá.

Ààlà tí ó Rìn Kọjá Lórí Wọn

Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba kan náà ni ó ń ṣàkóso Òkìtìpupa àti ilẹ̀ Urhobo. Ọmọ Urhobo tí a bí ní abà Ìkálẹ̀ wà ní ẹkùn tirẹ̀. Ní 1963 ni a dá Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbé ẹsẹ̀, wọn kò kó ìkòkò, síbẹ̀ wọ́n sùn ní ọmọ ẹkùn kan, wọ́n sì jí ní àlejò láti ẹkùn mìíràn. Ní 1976 ni a dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ààlà náà sì tún nípọn sí i.

Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n nínú oko, ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ni ó ṣì ń ṣẹ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 àti ti 1999 sì sọ pé ẹni tí òbí tàbí òbí-àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ara àwùjọ ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ ni a ó kà sí ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ni òfin ń kà, kì í ka ọdún. Bí baba, ìyá àti òbí-àgbà ènìyàn bá jẹ́ Urhobo, kò sí iye ọdún tí ó lè lò ní ìtòsí Igbodigo tí yóò mú kí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa fún un ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Iṣẹ́ ni wọ́n rí, wọn kò rí ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí a bá rán lọ kọ́ni ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ yóò bá àwọn ọmọ ọmọ wọn nínú kíláàsì, wọn yóò máa sọ Ìkálẹ̀ bí omi, orúkọ wọn yóò sì máa sọ ibòmíràn.

Nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí í Gba Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Títí di àárín àwọn ọdún 1960, orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó ń fi epo pupa ránṣẹ́ sí òkèèrè jù lọ láyé. Ogun abẹ́lé dé, epo rọ̀bì tẹ̀ lé e, epo pupa sì pàdánù àyè rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gbin oko ọ̀pẹ ńlá ní agbègbè Òkìtìpupa, èyí tí ó wá di Okitipupa Oil Palm. Ọ̀pẹ tí a fi ìlà gbìn ni, kì í ga bọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ni ó sì ń fún epo rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oko yìí àti abà àtijọ́ kò mọ ní ti igi nìkan. Oko ìjọba ń kọ orúkọ ẹnì kan sínú ìwé owó-oṣù. Kò sí ìlà fún ìyàwó nínú ìwé náà, kò sí èkùrọ́ tí yóò kó lọ sílé. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀pẹ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdílé ti jáde kúrò nínú rẹ̀.

Àkókò yìí náà ni àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ fúnra wọn ń jáde lọ ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ojú omi ni wọ́n ń gbà lọ sí Èkó. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ láti Ṣágámù sí Ìbíní gba ìtòsí wọn kọjá ní àwọn ọdún 1970, Èkó di ohun tí a ń lọ ní òwúrọ̀, tí a sì ń dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọkùnrin lọ ṣe akọ̀wé, awakọ̀, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ èbúté. Yàrá kan ni púpọ̀ wọn lè yá. Obìnrin dúró sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, òun àti púpurú rẹ̀. Níbí ni a ti padà bá púpurú. Ìmọ̀ tí ó ń bọ́ obìnrin náà nílé kò ní ibi tí yóò ti lò ó ní yàrá kan ní Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀: kò sí ẹ̀gẹ́, kò sí odò tí a ó rẹ ẹ́ sí, kò sí àyè fún iná àti èéfín. Bí ó bá bá ọkọ rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ tó ń mú owó wọlé yóò di ọwọ́ tí ń nà fún owó. Bí kò bá sì lọ, ilé yóò di méjì. Ọkùnrin yóò máa wálé ní Àjíǹde àti ní Kérésìmesì, ẹ̀rù a sì máa ba ìyàwó pé ilé kẹta ti lè wà.

Ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ní 1985, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tó náírà kan. Kí 1986 tó parí, ó ti ju náírà 3 lọ. Owó tí ẹni tó wà ní Èkó ń fi ránṣẹ́ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò tó ìdajì mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, irú bí ilé-iṣẹ́ dígí Oluwa ní Igbokoda, kò yè é. Nígbà tó yá, ilé agbára iná mànàmáná kọ́ sí Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gan-an, a sì ṣí i ní 2007. Síbẹ̀, láti nǹkan bí 2014, ọ̀pọ̀ ìlú ní agbègbè kan náà wà nínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ. Télọ̀ àti ajórin tí ń fi epo bẹntiróòlù dá iná sí ẹ̀rọ wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi kó lọ.

Ìkìlọ̀ láti Ilẹ̀ Ghana

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé kíkó ìdílé lọ ti tó, ó yẹ kí a mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Yorùbá tó wà ní Ghana. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti ibòmíràn ni wọ́n ti lọ. Wọ́n kó aya lọ, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, obìnrin wọn ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà. J. S. Eades kọ odidi ìwé kan, tó jáde ní 1993, lórí àwọn tó wà ní àríwá ilẹ̀ náà. Gbogbo ohun tí a ti sọ pé ó ń gbe ìdílé ni wọ́n ní. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n jáde. Ìsọ̀, ilé àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n kò ṣe é kó láàárín ọjọ́ 14. Àwọn tí ó ti kọ́ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́ padà sínú ilé. Àwọn tí kò kọ́ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari ṣe ohun kan náà fún àwọn ará Ghana tó wà lọ́dọ̀ wa, a sì fi orúkọ wọn pe àpò tí wọ́n fi kó ẹrù. Bóyá èyí tún tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí tí àwọn Urhobo inú abà fi ń rán owó sílé.

Ìlú Ọba àti Ìwé Físà

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, a jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 kọjá 1,500 láàárín ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó oṣù tó kéré jù di náírà 70,000 ní 2024. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò àti ilẹ̀ láti fi wọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ọ̀dọ́ fún un lórúkọ tiwọn, ‘jápa’, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ẹni tó ń sá, tí kò sì ní àpótí àti ìkòkò nínú.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ọ̀kan nínú tọkọtaya gba físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti olùtọ́jú arúgbó, kí ó sì kó ìyókù dání. Ẹni tí kò kàwé nínú wọn ni yóò máa ṣiṣẹ́. Bí a bá wò ó dáadáa, abà ẹlẹ́ni ni èyí: ẹnì kan gun ọ̀pẹ, àwọn yòókù ń ṣa ẹyìn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, àfi àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìwádìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ àwọn olùtọ́jú arúgbó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọn kò gba àwọn olùtọ́jú tuntun láti òkèèrè mọ́ rárá. Onílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò lè rò ó pé ẹnì kan yóò fẹ́ epo, kí ó sì kọ ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ọwọ́ tó ń wẹ arúgbó, kò fẹ́ ọmọ tí ọwọ́ náà ń bọ́. Ní tiwa, a kà á sí ohun tó le ju ìṣákọ́lẹ̀ èyíkéyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Bí olùkọ́ ìtàn bá wà ní Igbodigo, Igbotako tàbí Òde-Ìrèlè, kò nílò ìwé kankan láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya ìlà mélòó kan sórí bébà: orúkọ ẹni tó kúrò nílé láti ìran baba-ńlá rẹ̀, ọdún tí ó lọ, iṣẹ́ tí ó wá lọ, àwọn tí ó bá a lọ, àti iṣẹ́ tí ẹni tó bá a lọ rí ṣe. Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í ṣòro, wọn yóò dáhùn wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlà karùn-ún ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ ní òfìfo, nítorí pé ìyá-ìyá wọn nìkan ni ó mọ ohun tí a ó kọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi í rí. Kí olùkọ́ rán wọn padà sílé lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.